Àbùdá Àjogúnbá Lára Màlúù

Oríṣi màlúù méjì ni ẹ̀kọ́ nípa jíìnì màlúù fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èkíní ni màlúù ńlá oníké, funfun, oníwo gígùn, tí àwọn Fúlàní ń dà kọjá lábẹ́ àwọn òkè olókùúta tó wà láàárín Ìkàrẹ́, Àkùngbá àti Ọ̀kà. Bùnájì ni àwọn tó ni ín ń pè é. Èkejì ni màlúù kúkúrú tí kò ní iké rárá, tí ìwo rẹ̀ kò gùn, tó sábà máa ń dúdú tàbí kó jẹ́ dúdú alámì funfun, tí gíga rẹ̀ láti pátákò dé èjìká kì í sì í sábà ju mítà kan lọ. Mùtúrù ni àwọn Haúsá ń pè é, orúkọ yẹn náà ló sì wọ inú ìwé àwọn onímọ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá, màlúù ìbílẹ̀ ni.

Lọ́jà, kò sí ẹni tí yóò san owó Bùnájì lórí mùtúrù. Bùnájì ga jù ú, ó wúwo jù ú, wàrà rẹ̀ sì pọ̀ jù ú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so àwọn méjèèjì mọ́ etí odò tí eṣinṣin tsetse pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gún wọn lábẹ́rẹ́, Bùnájì ni yóò kọ́kọ́ rù, òun ni yóò kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Mùtúrù yóò máa jẹko rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí kò ti ọwọ́ ìtọ́jú wá. Ìran ló fà á: ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ọ̀nà tó sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ṣeé tọ̀ dénú DNA.

Ohun tí ọmọ màlúù ń gbà lọ́wọ́ òbí

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara màlúù kọ̀ọ̀kan ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí à ń pè ní kírómósómù. Ọgọ́ta ni wọ́n: 29 ní méjì-méjì, àti méjì tó ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo. Ìdajì wá láti inú ẹyin ìyá, ìdajì láti inú àtọ̀ bàbá. DNA ni wọ́n fi hun okùn yìí, apá DNA tó bá sì gbé àṣẹ fún iṣẹ́ kan nínú ara ni à ń pè ní jíìnì. Ní ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ tó lé ní 300 láti orílẹ̀-èdè 25 gbé àbájáde kíka DNA màlúù jáde. Abo màlúù Hereford kan láti Amẹ́ríkà, Dominette lórúkọ rẹ̀, ni wọ́n lò, nǹkan bí 22,000 jíìnì ni wọ́n sì rí.

Àwọn àbùdá kan wà tí jíìnì kan ṣoṣo ń pinnu. Àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ pupa lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà màlúù jẹ́ iṣẹ́ jíìnì tí ń jẹ́ MC1R. Ẹ̀dà dúdú rẹ̀ máa ń bo ẹ̀dà pupa mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí akọ dúdú àti abo dúdú bá gbé ẹ̀dà pupa kọ̀ọ̀kan pamọ́ sára, ọmọ kan nínú mẹ́rin wọn lè jẹ́ pupa láìjẹ́ pé akọ àjèjì kankan yọ́ wọ inú agbo.

Ọ̀pọ̀ ohun tí àgbẹ̀ ń wá kò rọrùn tó báyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo gíga nìkan. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kó àkọsílẹ̀ màlúù 58,265 jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí ibi 163 lára DNA tó ń kópa nínú bí màlúù ṣe ń ga tó. Àpapọ̀ ibi 163 yìí kò ṣàlàyé tó ìdá 14 nínú 100 lára ìyàtọ̀ gíga tó wà láàárín màlúù kan àti èkejì. Èyí tó kù fọ́n ká sára ọgọ́ọ̀rọ̀ jíìnì mìíràn tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré púpọ̀, oúnjẹ àti ìgbé ayé ẹran sì kó apá tirẹ̀. Ìwọ̀n wàrà, ìwúwo ara, àti bí abo ṣe ń tètè lóyún sí náà rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ onímọ̀ ni láti ya ohun tí oúnjẹ ṣe kúrò lára ohun tí ìran ṣe. Ká ní akọ màlúù kan bí ọmọ méjì. Ọ̀kan wà nínú gáà lẹ́yìn Ìkàrẹ́, ó ń rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó rí koríko. Èkejì wà lórí ìso ní Ọ̀kà, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti èérí àgbàdo. Wọn kò lè tóbi bákan náà, bẹ́ẹ̀ bàbá kan ló bí wọn. Bí a bá wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàbá, a ó lè ṣírò iye ìyàtọ̀ tó jẹ́ ti ìran. Ìṣirò yìí ni à ń pè ní ìpín àjogúnbá. Fún ọ̀rá inú wàrà, ó tó nǹkan bí 50 nínú 100. Fún iye wàrà, ó wà ní àyíká 30. Fún bí abo ṣe ń tètè lóyún, kì í sábà tó 10. Ẹni tó ń sin màlúù lè fi èyí mọ ibi tí akitiyan rẹ̀ yóò ti yára so èso. Yíyan akọ dáadáa máa ń tètè hàn nínú ọ̀rá wàrà, ṣùgbọ́n abo tó ń pẹ́ kó tó lóyún, koríko àti omi ni kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ wá fún un kó tó máa wá akọ tuntun.

Sámórè

Àkókó wà níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Odò kéékèèké ń ṣàn láàárín àwọn òkè rẹ̀, igi sì bo etí wọn. Irú ibi báyìí ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn, nítorí òjìji àti ọ̀rinrin rẹ̀. Akọ àti abo eṣinṣin yìí ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Bó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní àrùn, yóò kó kòkòrò tín-ín-rín kan tí ojú lásán kò lè rí, trypanosome, yóò sì gbé e dé ara ẹran tó bá tún jẹ. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì fún màlúù: Trypanosoma congolense, T. vivax àti T. brucei. Sámórè ni àwọn darandaran ń pe àìsàn tí wọ́n ń fà. Ibà á mú ẹran, á lọ, á tún padà. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, irun rẹ̀ á le gán-ún, abo tó lóyún á sọ oyún nù. Bí ìtọ́jú kò bá sí, á máa rù títí yóò fi kú.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ìdí ni pé kòkòrò náà ń pààrọ̀ aṣọ òde rẹ̀ bí egúngún tó ń pààrọ̀ ẹ̀kú: bí ara ẹran bá ti dá èyí tó wọ̀ mọ̀ tán, tó ti ń pa á, àwọn kan nínú wọn ti gbé òmíràn wọ̀, ogun á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn wà, diminazene àti isometamidium ni wọ́n sì ń lò jù. Ó ti lé ní ìdajì ọ̀rúndún tí wọ́n ti ń lò wọ́n, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kòkòrò náà ti ń kọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹran tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gbé àrùn náà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà àtijọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ọ̀pọ̀ agbo Bùnájì ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ìhà gúúsù. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn á padà sókè. Ìrìn yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀: darandaran mọ ìgbà tí eṣinṣin kò kúrò létí odò àti ìgbà tó ń tàn káàkiri. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gé igbó fún kòkó, iṣu àti pákó, tí oògùn sì ti dé, eṣinṣin dín, Bùnájì sì di onílé ní ibi tó ti jẹ́ àlejò tẹ́lẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 lórí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn tó ń sin màlúù fi hàn pé Bùnájì ni ọkàn àwọn fà sí, ìfẹ́ sí àwọn ẹ̀yà tó lè gba sámórè mọ́ra sì ń dín kù. Ó yé wọn dáadáa. Níbi tí eṣinṣin ti dín, tí abẹ́rẹ́ sì wà lọ́jà, ìwúwo ló ń mówó wọlé.

Kí ni ó wà lára mùtúrù tí kò sí lára Bùnájì? Ìdáhùn tó kún jù ló ti ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ wá, N'Dama, màlúù aláìníké oníwo gígùn láti òkè Fouta Djallon ní Guinea, tí wọ́n sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oko ẹran Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. N'Dama kì í ṣe ẹran tí kòkòrò kò lè wọ̀ lára. Kòkòrò ń wọ̀ ọ́. Ohun méjì ló ń ṣe: kì í jẹ́ kí kòkòrò pọ̀ yanturu nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé, ILRI, ní Nairobi, fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan náà ni méjèèjì. Wọ́n fi oyún N'Dama àti oyún Boran, ẹ̀yà oníké ti Kẹ́ńyà, sínú ilé ọmọ kan náà, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbejì náà lè dà pọ̀ kí wọ́n tó bí wọn. N'Dama tó dàgbà láti inú oyún bẹ́ẹ̀ ní ara N'Dama, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti Boran ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kòkòrò kọlù ú, ó kápá iye kòkòrò gẹ́gẹ́ bí N'Dama, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí ti Boran. Àbùdá méjì ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti ń wá nínú ara.

Ilé ìwádìí kan náà bá N'Dama àti Boran dà pọ̀, wọ́n tún bá àwọn ọmọ wọn dà pọ̀ láàárín ara wọn, títí wọ́n fi ní ọmọ-ọmọ 177. Wọ́n fi kòkòrò kọlù ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì ń wo apá DNA tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jogún lọ́dọ̀ N'Dama àti èyí tó jogún lọ́dọ̀ Boran. Àbájáde tó jáde ní 2003 fi ibi 18 hàn lórí kírómósómù tó ní í ṣe pẹ̀lú gbígba àrùn mọ́ra. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà rere ló ti ọ̀dọ̀ N'Dama wá. Díẹ̀ nínú wọn wà lára Boran, ẹran tí àrùn náà ń pa. Ìyẹn ni pé àdàlù tí wọ́n bá fi ọgbọ́n yàn lè le ju N'Dama fúnra rẹ̀ lọ. Ní 2011, ìwádìí mìíràn tọ́ka sí jíìnì méjì, ARHGAP15 àti TICAM1, gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣeé ṣe kó wà nídìí díẹ̀ nínú àwọn ibi náà.

Ènìyàn ń gbé lábẹ́ eṣinṣin kan náà, jíìnì ènìyàn náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni ohun kan wà tí jíìnì APOL1 ń ṣe, tó ń pa T. brucei lásán, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń pa màlúù kò fi lè pa olówó màlúù. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ ròyìn ẹ̀dà APOL1 méjì, G1 àti G2, tó lè pa ẹ̀yà kòkòrò kan tí ẹ̀dà àtijọ́ kò rí pa. G1 tó nǹkan bí 40 nínú 100 lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá jogún irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Jíìnì tó gba baba ńlá là nínú igbó lè di ẹrù lọ́rùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé nílùú ńlá.

Bí màlúù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn sọ màlúù igbó di ẹran ilé. Nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn ni ó ṣẹlẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, èyí ló bí àwọn aláìníké. Nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn ni ti àfonífojì Indus, lápá ibi tí Pakistan wà lónìí, èyí ló bí àwọn oníké. Àwọn aláìníké ló kọ́kọ́ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ni baba ńlá mùtúrù àti N'Dama, wọ́n sì ti ń bá eṣinṣin jìjàkadì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí èyí tó bá kú kò bímọ, tí èyí tó yè sì ń fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìwádìí tó jáde ní 1994 láti Dublin wo DNA inú mitokọ́ndríà, èyí tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ ìyá nìkan. Wọ́n rí i pé màlúù oníké Áfíríkà, pẹ̀lú gbogbo iké rẹ̀, DNA ìyá aláìníké ló gbé. Akọ oníké ló wá bá abo aláìníké nílé, ọmọ wọn jogún iké lọ́dọ̀ bàbá, ó sì ń gbé orúkọ ìyá rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní 2020, ìwádìí kan lórí DNA màlúù Áfíríkà 172 láti ẹ̀yà 16 ṣírò pé àdàlù ńlá náà wáyé láàárín ọdún 750 sí 1,050 sẹ́yìn. Àdàlù ṣì ń lọ lọ́wọ́ títí di òní. Keteku tí àwọn ará Bọ̀rgú mọ̀ dáadáa jẹ́ ọmọ mùtúrù àti Bùnájì.

Kíka DNA mùtúrù

Mùtúrù kì í sábà ní darandaran. Nílùú tó bá ṣì wà, ó ń rìn kiri fúnra rẹ̀, ìdílé sì mọ tiwọn. Ẹran ìní ni, ẹran ètùtù, ẹran oyè, ẹran ìsìnkú àgbà. Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbò, onímọ̀ nípa ìbísí ẹran ní yunifásítì àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, pè é ní ẹ̀yà mímọ́ tó ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 2001. Mímọ́ yìí ló dá a sí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ètùtù wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ohun tó ń dá a sí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Ní 2019, Abdulfatai Tijjani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí onímọ̀ láti yunifásítì tó wà ní Nsukka àti láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ báyọ́tẹ́kì l'Ábújá wà lára wọn, tẹ àbájáde kíka DNA mùtúrù Nàìjíríà jáde. Wọ́n fi wé N'Dama, wọ́n sì fi wé Holstein àti Jersey láti Yúróòpù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rọrùn láti ṣàlàyé: bí ẹ̀dà jíìnì kan bá gba ẹran là, àwọn tó ní in á pọ̀ kíákíá, apá DNA tó yí i ká á sì jọra lára gbogbo wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí ìjọra yìí bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni ayé ti yan ẹran. Lára mùtúrù, ibi tó hàn jù wà lórí kírómósómù 23, níbi tí àwọn jíìnì tó ń ran ara lọ́wọ́ láti dá àjèjì kòkòrò mọ̀ kóra jọ sí. Òmíràn wà lórí kírómósómù 12, nítòsí jíìnì tó ní í ṣe pẹ̀lú fífara da ooru. Wọ́n tún rí àmì lára àwọn jíìnì gíga ara, àwọ̀, àti bí ẹran ṣe ń lo oúnjẹ rẹ̀ láì ṣòfò. Díẹ̀ nínú àwọn ibi náà bá ti N'Dama mu.

Ìwádìí kan náà sọ pé mùtúrù tó ṣì ń bímọ ti dín kù dé ọgọ́rùn-ún díẹ̀. Kíka iye ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà láàárín 1990 sí 1992 fi gbogbo màlúù orílẹ̀-èdè náà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 13.9. Ìwé tó kọ bí a ṣe ń bá sámórè gbé wà lọ́wọ́ àwọn ẹran díẹ̀ yìí, ó sì ń dunni pé àsìkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà ni ojú ìwé rẹ̀ ń ya.

Wàrà àti ẹran

Ní 2002, àwọn onímọ̀ rí i pé ìyípadà kan nínú jíìnì DGAT1, lórí kírómósómù 14, ń yí wàrà padà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní K ń mú ọ̀rá wàrà pọ̀, ó sì ń dín iye rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ̀dà A ń ṣe òdìkejì. Ọ̀pọ̀ màlúù oníké ló gbé K. Ilé iṣẹ́ tó ń ra wàrà ní lítà lè fẹ́ A. Obìnrin Fúlàní tó ń fi omi ewé bomubomu mú wàrà dì fún títà kò ní fẹ́ wàrà olómi. Jíìnì kan náà ni, oníbàárà ló yàtọ̀.

Nípa iye, Bùnájì kì í sábà fún ènìyàn ju lítà kan tàbí méjì lọ lóòjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Holstein tí wọ́n bọ́ dáadáa ń fúnni ní 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfiwé yìí ló ń ti àwọn ènìyàn sínú kíkó Holstein wọ̀lú, ṣùgbọ́n Holstein gbé ara tútù wá sínú ooru, ó sì gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ sámórè wá síwájú tsetse. Ní Ṣíkà lẹ́bàá Zaria, ní ilé ìwádìí NAPRI, ọ̀nà àdàlù ni wọ́n gbà: wọ́n fi akọ Friesian, ìbátan Holstein, gun Bùnájì. Ọmọ tó jẹ́ ìdajì-ìdajì ń fúnni ní wàrà ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì lágbára ju bàbá rẹ̀ lọ nínú ooru. Bí ẹ̀jẹ̀ Friesian bá ti pọ̀ ju ìdajì lọ púpọ̀, owó oúnjẹ àti owó dókítà ẹran ló ń pọ̀ lé e lórí.

Ti ẹran jíjẹ, àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Belgian Blue, màlúù Bẹ́ljíọ̀mù tí iṣan ara rẹ̀ ta bí ti ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ní 1997 ni wọ́n rí ìdí rẹ̀: lẹ́tà DNA 11 ló jábọ́ nínú jíìnì myostatin, jíìnì tó yẹ kó sọ fún iṣan pé ó ti tó. Ẹran rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tóbi débi pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Níbi tí dókítà ẹran jìnnà sí, irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ń pa ìyá.

Ewu kan tún wà tó jẹ́ ti yíyan akọ kan ṣoṣo ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1962 ni wọ́n bí akọ Holstein kan ní Amẹ́ríkà, Pawnee Farm Arlinda Chief. Wàrà àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtọ̀ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ fi dé gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó gbé ẹ̀dà jíìnì APAF1 kan tó bàjẹ́. Ọmọ tó bá jogún ẹ̀dà náà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá ń kú nínú oyún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé oyún tó bàjẹ́ nítorí rẹ̀ tó 500,000 káàkiri àgbáyé.

Yíyan akọ láti inú DNA

Darandaran ti ń yan akọ kí ọ̀rọ̀ jíìnì tó dé. Ó mọ abo tí ìyá-ìyá rẹ̀ kì í sọ oyún nù, ó mọ akọ tí ọmọ rẹ̀ kì í rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí kò bá fẹ́ lára àwọn akọ ni yóò tẹ̀ lọ́dàá. Ohun tí ìmọ̀ tuntun fi kún un ni iye àti ìyára. Ní 2001, Theo Meuwissen, Ben Hayes àti Mike Goddard dábàá pé kí wọ́n fi àmì tó kún gbogbo DNA ṣírò iye tí ẹran kan tọ́, láìdúró de ìgbà tí yóò bímọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àwo àyẹ̀wò kékeré kan tó ń ka nǹkan bí àmì 54,000 lẹ́ẹ̀kan náà, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún màlúù wàrà ní 2009. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń gbà kí wọ́n tó mọ̀ bóyá akọ kan dára, nítorí akọ kì í fúnni ní wàrà, wàrà àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n ń dúró wò. Nísinsìnyí, irun ìrù tàbí ẹ̀jẹ̀ ọmọ akọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti tó.

Ṣùgbọ́n àwo àyẹ̀wò kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran tí wọ́n ti wọn wàrà wọn, ìwúwo wọn àti àìsàn wọn, kí kọ̀ǹpútà lè mọ àmì tó bá èwo rìn. Àkọsílẹ̀ yìí ni Bùnájì àti mùtúrù kò ní. Ìwé jótà kan, okùn tí wọ́n fi ń wọn àyà màlúù láti mọ ìwúwo rẹ̀, ọjọ́ tí ó bímọ, ọjọ́ tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sámórè àti ìdí rẹ̀: bí agbo ọgọ́rùn-ún láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà bá ń kọ èyí fún ọdún díẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Àkùngbá kò ní wá ẹran ìwádìí jìnnà.

Nígbà tí màlúù kò bá rìn mọ́

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2021, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rotimi Akeredolu, buwọ́ lu òfin tó ka fífi màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ló bí òfin náà, ṣùgbọ́n ó kan jíìnì pẹ̀lú. Bùnájì jẹ́ màlúù tí ìrìn yàn: ẹsẹ̀ gígùn, pátákò líle, ara tó lè gba òùngbẹ mọ́ra. Màlúù tó wà lórí ìso kò nílò ẹsẹ̀ gígùn. Ohun tó nílò ni ìwà pẹ̀lẹ́, ìwo tí kò ní gún ẹlòmíràn nínú ọgbà, àti ara tó lè sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di ẹran láìṣòfò. Mùtúrù, tó kéré, tó ń gbé nílé láti ìbẹ̀rẹ̀, ní díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n fi ọwọ́ ènìyàn yí jíìnì padà. Ní 2012, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara Boran ṣe ẹ̀dà akọ kan ní ILRI, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tumaini, tó túmọ̀ sí ìrètí ní èdè Swahili. Èrò wọn ni láti máa lo ọ̀nà yẹn gbé APOL1 ti ìnàkí wọ inú màlúù, kí ara rẹ̀ lè máa pa kòkòrò sámórè. Nàìjíríà náà ti gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2020 lórí ṣíṣàtúnṣe jíìnì, lábẹ́ àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò báyọ́tẹ́kì. Irú iṣẹ́ yìí gùn, owó rẹ̀ pọ̀, jíìnì kan ṣoṣo ló sì ń gbé wọlé, nígbà tí ara mùtúrù ti kó ọ̀pọ̀ jọ fúnra rẹ̀.

Títọ́jú mùtúrù kò nílò ilé àyẹ̀wò ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Àtọ̀ akọ ṣeé fi sínú nitrogen olómi, ní ìwọ̀n òtútù 196 sísàlẹ̀ òdo, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ni ojúṣe títọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí tó ṣòro ni àwọn tó wà láàyè. Nílùú tí akọ kan ṣoṣo bá kù, yóò gun ọmọ rẹ̀, yóò gun ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ̀dà búburú tó fara pamọ́ yóò sì máa pàdé ara wọn bíi ti Chief. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìbísí ẹran ń lò fún agbo kékeré ni pípààrọ̀ akọ yíká: akọ ìlú kìn-ín-ní lọ sí ìlú kejì, ti ìkejì lọ sí ìkẹta, ti ìkẹta padà sí ìkìn-ín-ní, tí abo kò sì kúrò níbi tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àwọn ọmọbìnrin akọ kọ̀ọ̀kan tó di àgbà tó ń lóyún, wọn á tún yí i.